Crowther: Orúkọ Onígòjé Yorkshire Tó Di Ti Ọmọ Òṣoogùn

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún ọmọkùnrin kan tó tó nǹkan bí ọdún 16 ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Àjàyí ni orúkọ tó gbé wá síbi omi. Samuel Crowther ni orúkọ tó gbé kúrò níbẹ̀. Ní London, àlùfáà kan wà tó ń jẹ́ Samuel Crowther, tó ń darí ìjọ Christ Church ní Newgate, tó sì wà lára àwọn tó ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS lẹ́yìn láti ìgbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì kéré. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n mú odindi, èyí àkọ́kọ́ àti ti ìdílé, tí wọ́n fi sọ ọmọ Òṣoogùn.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń bá orúkọ yìí kiri Freetown, Èkó àti Ìlú Ọba: ẹni tó ń jẹ́ Crowther lónìí, ọmọ ta ni? Ṣé ó bá àwọn Crowther Huddersfield, ní Yorkshire ilẹ̀ England, tan? Ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú àṣìṣe tó ń wáyé lórí rẹ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni wọn kò mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé kannakánná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí "crow" níwájú orúkọ náà, wọ́n sì rò pé ẹyẹ ni. Ohùn ẹnu fúnra rẹ̀ ti já èyí: bí wọ́n ṣe ń pe "now" ni wọ́n ń pe ìbẹ̀rẹ̀ Crowther, wọn kì í pè é bí orúkọ ẹyẹ náà. Ohun èlò orin ló wà nídìí rẹ̀. Crwth ni àwọn ará Wales ń pè é, w tó wà láàárín ni fáwẹ́lì rẹ̀, ó sì ń dún bí "u" tí a fà gùn.

Crwth yẹ ní wíwò dáadáa. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń gbẹ́ ihò sí láti fi ṣe é, tí wọ́n á wá fi pákó pẹlẹbẹ bo iwájú rẹ̀. Ó ní igun mẹ́rin bí àpótí, apá méjì sì jáde lókè tí igi ìdábùú kan so pọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìran rẹ̀ ní okùn mẹ́fà: mẹ́rin wà lórí pákó ìtẹ̀ka, méjì tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń ta ìyẹn. Afárá tó gbé àwọn okùn náà dúró tẹ́ pẹrẹsẹ, kò yọ ikùn bí ti fáolíìnì. Nítorí náà, bí ọrun bá ti kan okùn kan, ó kan àwọn yòókù pẹ̀lú, orin rẹ̀ sì ń jáde ní ohùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ènìyàn mélòó kan ń hùn nísàlẹ̀ olórí orin. Ẹsẹ̀ kan afárá náà gùn ju èkejì lọ, ó gba inú ihò ohùn kọjá títí ó fi kan ẹ̀yìn àpótí, òun ló sì ń gbé ìró lọ sí ẹ̀yìn igi. Ẹni tó bá ti gbọ́ gòjé àwọn Haúsá yóò mọ irú ìgbòòrò ohùn tí à ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn kan ṣoṣo ni ti gòjé.

Ohun èlò náà ti pẹ́. Ní sẹ́ńtúrì kẹfà ni Venantius Fortunatus, akéwì tó ń fi èdè Látìn kọ̀wé, ti dárúkọ rẹ̀ pé ti àwọn ará Britain ni. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yá ọ̀rọ̀ náà, ọ̀nà méjì ló gbà yá a: crouth, tí "th" rẹ̀ dúró, àti crowd, tí "th" rẹ̀ di "d". Crowd yìí kò bá èyí tó túmọ̀ sí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn tan rárá, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra ni wọ́n. Nínú Bíbélì tí a ń fi orúkọ John Wycliffe pè, ti òpin sẹ́ńtúrì 14, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọmọ onínàákúnàá ń ti oko bọ̀ tó sún mọ́ ilé, "a symfonye and a croude" ni ó gbọ́. Nínú Bíbélì Yorùbá, orin àti ijó ni. Ìwé Lúùkù sì wà lára èyí tí Àjàyí Crowther fọwọ́ ara rẹ̀ túmọ̀. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "ẹni tó ń ta croude" ló bá wa túmọ̀ ìtàn tí croude wà nínú rẹ̀.

Ìparí "-er" ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ohun èlò tàbí ìṣe di oníṣe, bí àwa ti ń fi "oní" ṣe é. Crowther ni onícrouth, Crowder ni onícrowd. Ìtumọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ wọn, kò sì yẹ kí a kà wọ́n mọ́ra wọn láìwo ìwé.

Báwo ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan ṣe di orúkọ ìdílé? Lẹ́yìn tí àwọn Norman gba England ní 1066, àwọn ọlọ́lá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ kan náà lélẹ̀ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ, ó sábà jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wọn. Láàárín sẹ́ńtúrì 13 sí 14 ni ó kan àwọn mẹ̀kúnnù, ìhà àríwá sì lọ́ra ju ìhà gúúsù lọ. Orísun mẹ́rin ni orúkọ wọ̀nyí ti wá: orúkọ bàbá, bíi Johnson, ibi tí ènìyàn ń gbé, bíi Sykes, tó jẹ́ odò kékeré tàbí ipadò, iṣẹ́, bíi Smith tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, àti ìnagijẹ, bíi Brown. Ti iṣẹ́ ni Crowther. Ibi tó ti yàtọ̀ sí ilé Àyàn nílẹ̀ wa ni pé ìlù ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Àyàn: Àyànkúnlé àti Àyánwálé mọ ohun tí orúkọ wọn ń béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọmọ Crowther lè má fọwọ́ kan okùn rí láyé rẹ̀, orúkọ náà á ṣì máa tẹ̀ lé e.

Ìwé tó dára jù láti fi mọ ìgbà tí èyí ṣẹlẹ̀ ní Yorkshire ni ìwé owó orí ọdún 1379. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọba gba irú owó orí bẹ́ẹ̀, ní 1377, 1379 àti 1381, èyí tí wọ́n kọ ní 1379 ní West Riding, ìyẹn ìhà ìwọ̀-oòrùn Yorkshire, sì wà títí dòní ní ipò tó dára. Gbogbo ẹni tó ti kọjá ọdún 16 ló kàn, tọkọtaya ń san bí ẹyọ kan, pẹ́nì mẹ́rin sì ni èyí tó kéré jù. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà akọ̀wé máa ń kọ iṣẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí wà. Bí orúkọ bá sọ pé onígòjé ni ọkùnrin kan, tí iṣẹ́ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ sì jẹ́ ìránṣọ, orúkọ ti kúrò ní àpèjúwe, ó ti di ogún. Bí orúkọ àti iṣẹ́ bá bá ara mu, a kò tíì lè sọ èyí tó jẹ́.

Ibi tí Crowther pọ̀ sí jù ni West Riding ti Yorkshire: Huddersfield, Almondbury, Marsden àti àfonífojì Colne, títí dé Halifax, ó sì kọjá òkè sí Lancashire. Kì í ṣe pé onígòjé pọ̀ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ilẹ̀ olókè ni, oko wọn kéré, àgùntàn ni wọ́n ń sìn, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ń hun aṣọ irun àgùntàn nínú ilé. Oko àti òfì papọ̀ ń bọ́ ọmọ, ọmọ kò sì ní ìdí láti ṣí lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ dé ní sẹ́ńtúrì 18 àti 19, iṣẹ́ tún wá bá wọn nílé. Ìdílé díẹ̀ tó ti wà láti ìgbà owó orí bí sí i, wọ́n kún àfonífojì. Àwọn Crowther kan tilẹ̀ di olówó nínú iṣẹ́ aṣọ náà. Ìdílé Crowther ló ni Bank Bottom nígbà kan rí, ilé iṣẹ́ aṣọ ńlá tó wà ní Marsden. Orúkọ tó ṣẹ̀ lára olórin wá di orúkọ tí gbogbo ènìyàn fi mọ aláṣọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, ìkànìyàn ọdún 1881 ni kó mú. Ìdí tí a fi ń yan ọdún yẹn ni pé àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí ìdílé ti da gbogbo rẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà pátá, ọ̀fẹ́ sì ni láti wá a. Ó tún ní òpó tí wọ́n kọ ìlú tí wọ́n bí ènìyàn sí. Òpó yìí ṣe pàtàkì gidigidi: Crowther tó ń gbé London ní 1881 tí wọ́n bí sí Almondbury, Almondbury ni kí ẹ kà á sí. Ìkànìyàn 1841 kò ní irú òpó bẹ́ẹ̀, ohun tó béèrè kò ju bóyá ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n ti bí i tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Iye lásán máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é, iye tí a fi ṣe ìṣirò lásán ni. Ìlú kan ní ènìyàn 20,000, tí 40 nínú wọn ń jẹ́ Crowther. Ìlú mìíràn ní 400,000, Crowther ibẹ̀ sì jẹ́ 120. Lójú, ìlú kejì ló ní jù. Ẹ fi iye gbogbo ará ìlú pín iye Crowther, kí ẹ sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 10,000: ti àkọ́kọ́ jẹ́ 20 nínú 10,000, ti èkejì jẹ́ 3 péré. Ìlú àkọ́kọ́ ni ilé orúkọ náà, ìlú kejì gba àlejò ni. Ẹ sì rántí pé obìnrin tó wọlé ọkọ ń jẹ́ Crowther nínú ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ ka àwọn tí a bí sínú orúkọ nìkan, ẹ yọ àwọn ìyàwó kúrò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà nínú lẹ́tà. Akọ̀wé ìkànìyàn kọ ohun tí ó gbọ́, ẹni tó dà á kọ sì kọ ohun tí ó rò pé òun rí. C ńlá àtijọ́ máa ń jọ G, nítorí náà Growther á jáde. Ẹ wá Cr*w*er (àmì * dúró fún lẹ́tà yòówù tó bá wà níbẹ̀), yóò kó Crowther, Crowder àti Crawther jọ; ẹ tún wá Cr*ther, torí èyí àkọ́kọ́ kò lè mú Crouther àti Crother; lẹ́yìn náà kí ẹ fi G dípò C. Ẹ má kó Carruthers mọ́ wọn. Orúkọ ibì kan ní Dumfriesshire ní Scotland ni ìyẹn, kò ní gòjé nínú.

Bí ẹ bá ń padà sẹ́yìn láti òní, ẹ mọ ibi tí ihò wà. Ìkànìyàn 1921 ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kìíní 2022. Ti 1931 jóná nígbà ogun, ní 1942. Wọn kò ṣe ti 1941 rárá. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti 1939 ló dí àlàfo náà. Ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lọ́dọ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1837; ohun tó bá ṣáájú ìyẹn, inú ìwé ìjọ ni kí ẹ lọ, èyí tí wọ́n pàṣẹ ní 1538. Kì í ṣe gbogbo ìjọ ni tirẹ̀ wà pé.

Lónìí, Crowther kì í ṣe orúkọ tó ṣọ̀wọ́n ní England, kò sì sún mọ́ Smith rárá. Ìhà ìwọ̀-oòrùn Yorkshire ṣì ni ó nípọn sí. Àwọn tó ṣí lọ gbé e dé Australia, Kánádà àti Amẹ́ríkà. Geoffrey Crowther, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí ìròyìn ìjọba nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ti 1959 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọmọ Leeds ni. Will Crowther tó kọ eré Adventure sórí kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí 1976, ará Amẹ́ríkà ni. Fún Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìkànìyàn wọn gbé àtòjọ jáde fún 2010 tó ní orúkọ ìdílé 162,253, gbogbo èyí tí ó kéré tán ènìyàn 100 ń jẹ́, Smith sì lé téńté pẹ̀lú 2,442,977. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ìpín àwọn aláwọ̀ dúdú, funfun àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ wà, ohun tó wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹ̀ka tí ó tọ́ kó wò.

Ẹ̀ka tiwa ni èyí tó kù. Wọ́n kó Àjàyí ní Òṣoogùn ní 1821, wọ́n tà á léraléra títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o wọ ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń jẹ́ Esperança Félix ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown ní oṣù Kẹfà. Àjàyí jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá: ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé ni, kò sí ẹni tó yàn án fún un. Crowther ni wọ́n yàn fún un. Àwọn ará Ìlú Ọba tó ń ran CMS lọ́wọ́ máa ń san owó lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ọmọ kan ní Sàró, kí ọmọ náà sì máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n fẹ́. Àṣà yìí, pẹ̀lú ti orúkọ tí àwọn míṣọ́nnárì fúnra wọn ń fúnni, ni ó fà á tí Johnson, Cole, Davies, Macaulay àti Williams fi kún àárín àwọn Sàró. Ọmọ méjì tí wọn kò bá ara tan lè jẹ́ orúkọ olóore kan náà. Fún ìdí èyí, kí Crowther kan ní Freetown tó sọ pé ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni òun, ẹ̀rí ìrìbọmi bàbá sí ọmọ ló gbọ́dọ̀ fi so ó, kì í ṣe orúkọ.

Nínú ilé Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ẹ wo bí orúkọ ṣe ń rìn. Ìyá rẹ̀, Àfálà, tí ó tún rí ní Abẹ́òkúta ní 1846, ṣe ìrìbọmi ní 1848 pẹ̀lú orúkọ Hannah, kò jẹ́ Crowther rárá. Ọmọ rẹ̀ Dandeson Coates Crowther gba orúkọ àkọ́kọ́ lára akọ̀wé CMS kan ní London. Ọmọbìnrin rẹ̀ Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay, tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, wọ́n sì bí Herbert Macaulay ní 1864. Ọmọ-ọmọ Àjàyí gan-an ni Herbert, orúkọ ará Scotland ló sì ń jẹ́. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀jẹ̀ Àjàyí kiri pẹ̀lú Crowther nìkan yóò fo Herbert Macaulay kọjá.

DNA ń kọ́? Krómósómù Y máa ń ti ọ̀dọ̀ bàbá lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin, bí orúkọ ìdílé Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà a lè fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Sykes, aládùúgbò Crowther ní ẹkùn Huddersfield, ni wọ́n fi ṣe ìwádìí tó ṣí ọ̀nà ní 2000. Pẹ̀lú àmì mẹ́rin péré lórí Y, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ọkùnrin Sykes tó ní irú kan náà, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ní ìran kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 1.3 nínú 100 ni bàbá tó ni orúkọ kì í ṣe bàbá tó ni ọmọ. Ní 2009, wọ́n yẹ ọkùnrin 1,678 tó ń jẹ́ orúkọ 40 wò ní Britain: bí orúkọ bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni àwọn tó ń jẹ́ ẹ ṣe bára tan tó, àwọn Smith kò bára tan ju àwọn àjèjì lọ. Orúkọ iṣẹ́ bíi Crowther lè ní bàbá púpọ̀, torí onígòjé kan ti lè wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan.

Yorkshire náà ló bí èyí tó yani lẹ́nu jù. Ní 2007, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Leicester kọ ìròyìn nípa aláwọ̀ funfun kan tó ń jẹ́ orúkọ tó ṣọ̀wọ́n láti ìlà-oòrùn Yorkshire. Y rẹ̀ jẹ́ irú A1, èyí tí a mọ̀ mọ́ Áfíríkà, tó sì jọ ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n yẹ àwọn ọkùnrin mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ náà wò: 7 nínú 18 ló ní in. Ìwé ìdílé kó àwọn méje náà sí ìlà méjì tí baba ńlá wọn gbé ní Yorkshire ní òpin sẹ́ńtúrì 18. Ọmọ Áfíríkà tí orúkọ Yorkshire wà lórí rẹ̀ ni Àjàyí. Orúkọ Yorkshire tí Áfíríkà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ti àwọn wọ̀nyí. Bí ọkùnrin Crowther kan láti Èkó bá ṣe àyẹ̀wò Y, tí kò sì bá Crowther Huddersfield kankan mu, àyẹ̀wò náà kò bàjẹ́; ohun tó yẹ kó sọ nìyẹn.

Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ dé Sàró, ìwé Crowther parí síbi ìrìbọmi. Ibi tó kàn ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tó wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Sierra Leone ní Freetown. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, orúkọ bí akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbọ́ ọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, gíga, àti ilà ojú tàbí àpá ara. Ẹ wá ọkọ̀ àti ọjọ́ tí ó gúnlẹ̀ kí ẹ tó wá orúkọ. Ẹ ka orúkọ náà sókè pẹ̀lú etí Yorùbá, torí akọ̀wé kò fi àmì sí i, kò sì mọ ṣ yàtọ̀ sí s. Ẹ má wá Crowther níbẹ̀. Àjàyí ni kí ẹ wá.